Rọ́mílì Mẹ́rin Tó Di Ẹyọ Kan

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ráṣídì ọmọ mi, Àkànbí,

Dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ìlọrin ló já lẹ́tà rẹ sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi lánàá. Ìyá rẹ ní kí n kà á sí òun létí, mo sì ń kà á bọ̀ títí mo fi dé ibi tí o ti béèrè ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ká lẹ́tà náà.  Ìyá rẹ ní, "Bàbá Ráṣídì, ẹ fara balẹ̀ dá ọmọ yìí lóhùn o. Ẹ má kàn ní rárá bí ìṣe yín." Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn. Wá ibi tó tutù jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

Mo bá ọ yọ̀ púpọ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá ọ lára mu. Ohun tí o kọ yé mi yékéyéké. O ní ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi ọ́ ṣe ẹni tí yóò máa lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun, àti pé ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé irú ipò bẹ́ẹ̀ fún. O ti sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ní ọkọ̀ kan tí yóò fún ọ. Bí oṣù yìí bá parí tí ọ̀gá rẹ kò rí ọkọ̀, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi síbẹ̀, ìwọ yóò sì padà sídìí tábìlì. O wá kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, ọkọ̀ yẹn kàn wà nílẹ̀ ni. Ṣé ó dára kó dípẹtà síbẹ̀ nígbà tí ọmọ yín ń fẹsẹ̀ rìn?"

Mi ò bínú sí ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, bóyá ohun tí èmi náà yóò kọ nìyẹn. Iléèwé ni o wà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀, ìgbà ọdún nìkan ni o sì máa ń wálé, nígbà tí ọkọ̀ náà pàápàá ń sinmi. Mi ò jókòó sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ rí. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́. Màá máa ki ìmọ̀ràn bọ̀ ọ́ bí mo bá ti ń lọ, nítorí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ tí kò gbà á nímọ̀ràn, àwọn èèyàn á ní kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn náà ló dá èmi fúnra mi lójú. Ìwọ náà mọ̀ pé mo máa ń kọ ohun tó bá rú mi lójú sílẹ̀ kí n tó sùn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Rọ́mílì yìí ti gba ojú ìwé púpọ̀, ìbéèrè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ tí wọ́n fi Abẹ́òkúta ṣe olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ Ìbarà bí omi. Ilé ń ga, ọ̀nà ń fẹ̀, àwa tí à ń ta aṣọ funfun àti kẹ́míkà aró ní Ìtòkú náà ń rí ọjà tà. Àsìkò yẹn gan-an ni Rọ́mílì dé. Wọ́n ṣí ilé ìtajà rẹ̀ sí Ìbarà, gíláàsì ni gbogbo iwájú ilé náà, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa lẹ imú mọ́ ọn bí wọ́n bá ń ti iléèwé bọ̀. Ọkọ̀ náà gùn, imú rẹ̀ ta síwájú bí imú ẹja. Bí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í dún gbàgà bíi ti àwọn yòókù. Ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn pa ìwé ńlá dé. Ìró yẹn wù mí ju ọkọ̀ náà lọ.

Kọ́mísánnà kan kọ́kọ́ ra tirẹ̀, dókítà kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá iléèwé. Kò pẹ́ tí ó fi di pé bí wọ́n bá fẹ́ fọmọ fún ọkọ, wọ́n á béèrè bóyá bàbá ọkọ ní Rọ́mílì. Aláró kan ní ìsàlẹ̀ Ìtòkú gé àwòrán ọkọ̀ náà sára páànù, ó ń fi í tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ, àdìrẹ Rọ́mílì sì tà ju gbogbo àdìrẹ ọdún yẹn lọ. Èmi ni mo ta aṣọ funfun àti aró fún un, nítorí náà mi ò lè sọ pé mi ò jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣódípọ̀ tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹfà ra ọ̀kan. Ìyẹn ló mú kí èmi náà ra tèmi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ọkùnrin tó ń tà á wọ táì, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

"Ẹ̀yin bàbá, ọmọ ọmọ yín ni yóò jogún ọkọ̀ yìí."

Mo ní, "Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ wa. Àwa nìkan la lè tún un ṣe. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ò lè fọwọ́ kàn án láéláé."

Mo kà á sí iyì. Mo rò pé ohun tí mẹkáníìkì abẹ́ igi kò lè fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ga. Mo ń kọjá lára àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Láfẹ́ńwá tí wọ́n ṣí ikùn wọn sílẹ̀ lójú títì, mo sì ń ṣàánú wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní nìyí, Àkànbí. Ohun tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè tún un ṣe, ẹni yẹn ló ni ín, kì í ṣe ìwọ tí o sanwó rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni mo ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló lè gbé ọ ga níbi iṣẹ́, ọ̀gá yẹn ló ni ọ́.

Èkejì: má ra nǹkan nítorí pé ẹni tí o bọ̀wọ̀ fún rà á. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ mo bi Ọ̀gá Ṣódípọ̀ pé kí ló mú un ra Rọ́mílì. Ó ní nítorí pé dókítà rà á ni. Mo bi í pé dókítà ńkọ́. Ó ní, "Kọ́mísánnà." A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí kọ́mísánnà wò kí ó tó ra tirẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, bí nǹkan kan bá bàjẹ́, wọ́n á ní ká dúró díẹ̀, pé páàtì wà lójú omi. Díẹ̀ di oṣù. Nígbà tó yá, ọkùnrin onítáì kò wọ táì mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń lọ sí ilé ìkàwé ní Ìbarà lọ ka ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ni mo ti kà á pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Rọ́mílì nílùú òyìnbó ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ú lọ, àti pé àwọn olówó tuntun náà ti ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú ìwé ìròyìn yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wá jáde síta lọ wo ọkọ̀ mi. Kò tíì gbọ́.

Àwọn àgbà ní igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Mo gba òwe yẹn gbọ́ títí di ọjọ́ náà. Igi dá nílùú òyìnbó, ará Ìtòkú ló wó pa. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá pa òwe fún mi, mo máa ń bi ara mi pé ìgbà wo ni ẹni tó kọ́kọ́ pa á gbẹ́yìn ra nǹkan tó ti òkè òkun wá.

Olúkúlùkù ló ní ìdí tirẹ̀ tí Rọ́mílì fi kógbá wọlé. Àlàájà Sẹ̀fíátù, ìyá aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ tèmi, tí òun náà ní Rọ́mílì, sọ pé ìgbéraga ló pa wọ́n. Bàbá Ògúndélé, àgbẹ̀ Ọ̀pẹ̀jì tó ń fi Rọ́mílì tirẹ̀ kó gààrí àti epo wá sọ́jà, sọ pé kò sí bí ẹni tó ń rọ irin ṣe lè gbàgbé Ògún kí irin má gbàgbé òun náà. Ọ̀gá Ṣódípọ̀ ní ìṣirò ni: èyí tí wọ́n ń ṣe pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Mo gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. Ní tèmi, ọkọ̀ náà kò burú. Mo rò pé ohun tó dára lè tán láì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èyí ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán lọ́kàn mi, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ó burú ni, ìbá rọrùn.

Gíláàsì ilé ìtajà náà fọ́, wọ́n fi páànù dí i, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Àdìrẹ Rọ́mílì tó ṣẹ́ kù, òṣùká ni àwọn aláàárù ń fi í ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ta ọkọ̀ wọn fún àwọn tó ń ra irin. Àwa mẹ́rin péré ló kù tí a kò tà á: Àlàájà, Ọ̀gá, Bàbá Ògúndélé àti èmi Làmídì. Gbogbo wa la sì ń wá páàtì kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ní ọjọ́ kan, Àlàájà pè wá sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní, ó ti gbé omi tútù kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbọ́. Kábúrétọ̀ tí Ọ̀gá ń wá wà lára ọkọ̀ tèmi. Búréèkì tí èmi ń wá wà lára ti Làmídì. Ohun tí gbogbo wa ń wá, àárín wa níbí ló wà. Ẹ jẹ́ ká dá èésú."

Bàbá Ògúndélé ní, "Owó ọwọ́ mi ò tó èésú lásìkò yìí, Àlàájà."

"Ta ló pe owó síbẹ̀? Èésú ọkọ̀ ni mo wí. Nínú ti owó, tó bá kàn ọ́, wàá kó. Nínú eléyìí, tó bá kàn ọ́, wàá tú tìrẹ sílẹ̀, àwọn tó kù á máa mú ohun tó bá sọnù lára tiwọn."

Ọ̀gá Ṣódípọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Èésú tí ẹni tó bá kàn ń pàdánù! Àlàájà, mo ti kọ́ ìṣirò láti ìgbà tí mo ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ òyìnbó, mi ò rí irú eléyìí."

"Ẹ ti rí i wàyí."

Bàbá Ògúndélé kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí wọ́n bá tú tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ni n óò máa fi ti Ọ̀pẹ̀jì wá?"

Àlàájà ní, "Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá kù gbẹ̀yìn, tiwa ni, kì í ṣe ti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa gbé wa. Ìyàwó wa, òkú wa, aláìsàn wa, ìkórè wa. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò ráyè."

Mo bi wọ́n pé bí ẹnì kan nínú wa bá kú ńkọ́, ṣé ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá a lọ ni, àbí ó kù fún àwọn ọmọ rẹ̀? Àlàájà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Làmídì, ṣé inú ìwé tí ò ń kà yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ láti máa pa èèyàn kó tó kú?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó dá ìbéèrè mi lóhùn. A kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́, ó parí.

Báyìí la ṣe ń mú un. Àlàájà gé àkísà aṣọ funfun, ó rẹ ọ̀kan péré nínú wọn sínú aró. Nígbà tó gbẹ, ó kó gbogbo wọn sínú fìlà Bàbá Ògúndélé. Olúkúlùkù á di ojú, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mú èyí tó ní aró, ọkọ̀ tirẹ̀ ni. Ọ̀gá Ṣódípọ̀ ló kọ́kọ́ mú un. Ó gbé àkísà náà sókè sójú oòrùn, ó ní, "Làmídì, aró yín mà dára o. Kò ní ṣí mọ́." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà wa ni Mùkáílà mẹkáníìkì ti tú u. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, Bàbá Ògúndélé ní òun gbọ́dọ̀ ta epo sílẹ̀.

Àlàájà ní, "Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi epo yẹn sè."

"Irin ló ń gbé yín lọ sọ́jà, Àlàájà. Ẹni tó ni irin ni mo ń kí."

"Ó dára, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé gíábọ́ọ̀sì ni mo fẹ́."

Ó sì rí i gbà. Ilẹ̀kùn Ọ̀gá wá sára ọkọ̀ mi, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sára ti Àlàájà, radiétọ̀ rẹ̀ lọ sí Ọ̀pẹ̀jì. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń gbé èèyàn mẹ́rin. Ó pẹ́ díẹ̀ kí páàtì tó tún tán, a sì tún mú àkísà. Bàbá Ògúndélé ló kàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo wọn, inú ọkọ̀ mi ni wọ́n gbé e sí. Ó dúró tì í bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ.

Jẹ́ kí n dúró níbí gba ọ nímọ̀ràn, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù wá lọ ń fẹ́ kí gbogbo àdéhùn wà lórí ìwé. Mi ò ní kí ẹ má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí tí kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún un, mo sì rí àkísà aró nínú fìlà tí àgbàlagbà mẹ́rin tẹ̀ lé láìjiyàn. Mi ò mọ ohun tó fà á. Bóyá nítorí pé a ń rí ojú ara wa láràárọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, a jẹ́ pé kì í ṣe ìwà rere wa, ìsọ̀ wa tó dojú kọ ara wọn ni. Ìwọ ń lọ sáàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí. Wá àwọn tí ojú rẹ yóò máa kan tiwọn láràárọ̀, kí o sì bá wọn ṣe àdéhùn kékeré kan tí o lè mú ṣẹ.

Èyí tó kù ni n kò sọ fún ọ rí. Ó wá ku ọkọ̀ méjì: ti Àlàájà àti tèmi. Àkísà méjì ló wà nínú fìlà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo la ojú, aró ni mo rí.

Nítorí náà, Ráṣídì, kèké mú ọkọ̀ wa. Nígbà tí o wálé ọdún tí o bá a lábẹ́ igi máńgòrò, tí o ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wá borí," mo kàn mi orí ni. N kò borí.

Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún mi. Nígbà tí ó pé, Mùkáílà kó irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo gbọ́ fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ Àlàájà ni, dírẹ́bà rẹ̀ ló wà á, Àlàájà fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Mùkáílà, fi ìyẹn sílẹ̀. Eléyìí ni kí o tú."

Mo ní, "Àlàájà, kèké ti mú tèmi."

"Ṣé mo fọ́jú ni? Ta ló ń gbé Ọ̀gá lọ sílé ìwòsàn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń lọ sí Ọ̀pẹ̀jì lójú òjò?"

"Èmi ni, Àlàájà."

"Bí mo bá ní kí dírẹ́bà mi yìí lọ sí Ọ̀pẹ̀jì, àwáwí ni yóò fi dá mi lóhùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òun náà nìyẹn, ẹ wò ó, ó ń wolẹ̀." Dírẹ́bà náà ń wolẹ̀ lóòótọ́. "Ọkọ̀ tó bá kù lọ́wọ́ mi yóò di ohun tí mo fi ń ṣe fáàrí. Tìrẹ ni kó kù."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó gbá mi léjìká. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Làmídì. Iṣẹ́ ni mo gbé fún ọ."

Ọkọ̀ tí ò ń béèrè nìyí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti Ọ̀pẹ̀jì wá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ilé Ọ̀gá ní Ìbarà wá. Kábúrétọ̀, gíábọ́ọ̀sì àti iná iwájú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Àlàájà wá. Ara rẹ̀ tó jẹ́ tèmi pàápàá, Àlàájà ló fi jìn mí. O ní ó kàn wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé Ọ̀gá lọ fi ojú han dókítà, nítorí ojú náà ti ń ṣú, kò sì lè dá wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Ó ti gbé ọmọbìnrin Bàbá Ògúndélé tó ń rọbí wá sílé ìwòsàn, ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an ló kù díẹ̀ kó bímọ sí. Ó gbé òkú àbúrò Àlàájà. Bí ìkórè bá dé, yóò tún máa lọ sí Ọ̀pẹ̀jì. Ìyá rẹ ló sọ pé kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kí o má baà rò pé ahun ni bàbá rẹ.

Ó yẹ kí n bá ọ wí díẹ̀ pé o fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ ṣèlérí fún ọ̀gá rẹ. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí o bá fẹ́ ṣèlérí, ohun tó bá wà nínú àpò rẹ ni kí o fi ṣe é. Mo sì fẹ́ kọ ọ́ pé àgbẹ̀ máa ń fetí sí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá bá a ju ẹni tó gbé ọkọ̀ wá lọ. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó pé àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní ọkọ̀ ni. Mo pa á rẹ́ nínú ọkàn mi. Bi ọ̀gá rẹ ná bóyá alùpùpù lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá lè ṣe é, mo mọ̀ pé ìdí tábìlì ni wọn yóò dá ọ padà sí, mo sì mọ̀ pé o ti ń fẹ́ irú iṣẹ́ yìí láti kékeré. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ohun kékeré ni.

Mo lè sọ fún ọ pé Mùkáílà nìkan ló mọ inú ọkọ̀ yìí mọ́, pé bó bá kú sí ọ̀nà Ìlọrin, kò sẹ́ni tí yóò jí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fi òótọ́ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ fún ọ.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti fún ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe tèmi láti fi dù ọ́. Nítorí náà, mo ti bá àwọn mẹ́ta sọ̀rọ̀. Wá sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìrun, a ó jókòó síwájú ìsọ̀ Àlàájà. Ìwọ ni kí o fi ẹnu ara rẹ béèrè. Má sọ fún wọn pé èmi ni mo rán ọ, n kò rán ọ. Sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe, kí o sì sọ ìgbà tí ìwọ yóò dá ọkọ̀ padà, bí o bá ní in lọ́kàn láti dá a padà. Ọ̀gá yóò bi ọ́ ní ìbéèrè púpọ̀, dá a lóhùn ketekete, nítorí etí ló fi ń ríran báyìí. Bàbá Ògúndélé kò ní sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wo ojú rẹ̀ nígbà tí o bá ń béèrè, ìkórè rẹ̀ ni ò ń béèrè. Àlàájà yóò bú ọ. Jẹ́ kó bú ọ tán.

Bí wọ́n bá ní kí o máa gbé e lọ, ọjọ́ náà ni màá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ, n kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní rárá, má wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ti ní oúnjẹ òun yóò kárí gbogbo ènìyàn, èyí tó wù kí wọ́n sọ.

Ohun kan péré ló kù. N kò ní dá sí ọ̀rọ̀ náà ní ìjókòó yẹn. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n má bi mí. Àlàájà ní kí ló dé, ṣé ẹ̀rù ọmọ mi ló ń bà mí ni?  Ṣùgbọ́n kí o má baà jókòó síbẹ̀ kí o máa wo ẹnu mi, kí o sì rò pé ìbínú ló pa á dé, màá sọ fún ọ: bí wọ́n bá bi mí, màá ní kí o máa gbé e lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì.